Ihò Tó Sọ̀kalẹ̀ ní Íǹṣì Kan: Ibi Tí Títún Ẹsẹ̀ Kúpè Ṣe Ti Wá

Ní 1965, àwọn òṣìṣẹ́ Carroll Shelby, awakọ̀ eré ìje tẹ́lẹ̀ tó wá ń tún ọkọ̀ ṣe ní ìpínlẹ̀ California, ń gba Mustang tuntun lọ́wọ́ Ford, wọ́n sì ń lu ihò sí i lára. Wọ́n á tú amù òkè, ìyẹn apá irin tó di táyà iwájú mú, wọ́n á gbẹ́ ihò méjì mìíràn lápá ọ̀tún àti méjì lápá òsì, íǹṣì kan sísàlẹ̀ ibi tí Ford gbẹ́ tiẹ̀ sí, wọ́n á wá de amù náà padà síbẹ̀. Amù ti tẹ́lẹ̀ náà ni, bọ́ọ̀tì ti tẹ́lẹ̀ náà ni. Síbẹ̀ ọkọ̀ náà kì í yí kọ́nà bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni àṣà títún ẹsẹ̀ kúpè ṣe ti wá, ìyẹn títún sípíríǹgì àti irin tó gbé ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì lórí táyà ṣe, ihò mẹ́rin yẹn ni n ó kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ṣùgbọ́n ihò náà ní bàbá, bàbá rẹ̀ sì ní bàbá tirẹ̀.

Nígbà tó jẹ́ pé ẹṣin ló ń fa ọkọ̀, kò sẹ́ni tó ń ro ti kọ́nà. Ẹ̀yìn ríro ni wọ́n ń sá fún. Ní London, ní 1804, Obadiah Elliott tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun, tí a to léra, tí a sì fi gbé ara kẹ̀kẹ́ sókè. Lífù tí ẹ ń rí lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù títí dòní nìyẹn. Nígbà tí ọkọ̀ onípẹtiróòlù dé, wọn ò wulẹ̀ ronú púpọ̀, wọ́n yọ ọ́ lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin, wọ́n gbé e sábẹ́ mọ́tò.

Ìyẹn ló bí wàhálà tuntun. Sípíríǹgì tí a bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ á ta sókè, á wálẹ̀, á tún ta, títí agbára inú rẹ̀ á fi tán. Bí eré ò bá pọ̀, ijó lásán ni. Bí eré bá pọ̀, táyà á máa fò kúrò nílẹ̀, táyà tí kò sì sí nílẹ̀ kò lè yí ọkọ̀, kò lè dá a dúró. Truffault, ará Faransé, to àwọn awo tó ń ha ara wọn pọ̀, kí híha náà lè pa ijó sípíríǹgì. Edward Hartford, ará Amẹ́ríkà, rí i, ó sì sọ ọ́ di ọjà nílùú tirẹ̀ ní nǹkan bí 1904. Láìpẹ́, Maurice Houdaille, ará Faransé mìíràn, gbé ti òróró dé: ó ń fipá ti òróró gba ojú ihò tóóró, agbára ijó náà á sì di ooru. Ṣọ́ọ̀kì nìyẹn. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà gbágungbàgun, ẹ ó mọ ibi tí ijó náà lọ.

Ní 1919, Stephen Coleman, ará Fredericton ní Kánádà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀pá irin tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ tòsì. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀pá náà á lọ́, á sì máa janpata láti nà padà. Sìtébílàísà ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó sọ gbogbo èyí di ìmọ̀, lójú tèmi, ni Maurice Olley. Ọmọ ilẹ̀ Bìrìtìkó ni, Rolls-Royce ló ti ṣiṣẹ́ kó tó dé Cadillac ní Amẹ́ríkà ní 1930. Àfojúdá ni iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ títí di ìgbà yẹn: mú sípíríǹgì le díẹ̀, wà á wò, tún un dẹ̀. Olley kan ọkọ̀ ìdánwò kan tí wọ́n di irin wíwúwo mọ́ níwájú àti lẹ́yìn, irin tí wọ́n lè sún síwá sún sẹ́yìn, wọ́n sì lè pààrọ̀ líle sípíríǹgì rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n á wà á, wọ́n á sọ bó ṣe rí lára wọn, wọ́n á tún nǹkan kan sún. Ohun tó rí ta ko ohun tí gbogbo ayé ń ṣe: sípíríǹgì iwájú ló yẹ kó rọ̀ ju ti ẹ̀yìn. Iwájú ló ń kọ́kọ́ gun òkè ojú ọ̀nà. Bí ẹ̀yìn bá ń yára lọ sókè sódò ju iwájú lọ, á lé e bá, gbogbo ara ọkọ̀ á gòkè papọ̀, kò ní máa tẹ̀ síwájú tẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó ń tòògbé.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe dẹ iwájú, bẹ́ẹ̀ ni táyà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n yìì, nítorí irin kan ṣoṣo ló so táyà méjèèjì pọ̀. Àfi kí kálukú ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Lancia ti ṣe irú rẹ̀ ní Ítálì lára Lambda ní 1922, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ General Motors ti 1934 ló sọ ọ́ di nǹkan tí ọ̀pọ̀ èèyàn rà. Olley yìí kan náà ló fún àìgbọràn ọkọ̀ méjì lórúkọ tí àwọn ẹnjiníà ṣì ń pè é: èyí tí a yí sìtíárìn rẹ̀ tí imú rẹ̀ ṣì ń tọ iwájú lọ (understeer), àti èyí tí ìdí rẹ̀ ń fẹ́ ya imú sílẹ̀ (oversteer). Ohun tí a ò bá lórúkọ fún ṣòro láti tún ṣe.

Lẹ́yìn náà ni Earle MacPherson dé. Láàárín 1945 sí 1947, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ kékeré kan fún Chevrolet. Wọ́n pa ọkọ̀ náà tì, ó sì kó lọ sí Ford. Ohun tó gbé dání kò ṣòro láti ṣàlàyé: ó yọ amù òkè dànù, ó fi ọ̀pá kan rọ́pò rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì nínú, sípíríǹgì lóde. Ford Consul àti Zephyr lo ọ̀pá yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1950. Nítorí owó àti àyè ló ṣe ṣe é, kì í ṣe nítorí eré ìje. Àmọ́ ní 1957, Colin Chapman ti Lotus ti gbé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ eré, nígbà tó sì di 1969, Datsun 240Z jáde pẹ̀lú rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ kúpè tí àwọn èèyàn ń tún ẹsẹ̀ wọn ṣe lónìí, ọmọ ọ̀pá yìí ni wọ́n.

Ṣọ́ọ̀kì náà ò dúró sójú kan. Òróró tí a bá ń lù láìdákẹ́ á máa yọ ìfófòó, ìfófòó ò sì lè di nǹkan kan mú. De Carbon, ará Faransé, fi gáàsì tẹ òróró náà mọ́ inú ọ̀pá kan ṣoṣo kó má baà rí àyè hó. Bilstein ní Jámánì gba iṣẹ́ náà, Mercedes sì ń lò ó láti 1957. Koni ti Netherlands ní tiẹ̀ mú ṣọ́ọ̀kì tí èèyàn lè yí le tàbí dẹ̀ lókìkí. Ilé iṣẹ́ yẹn, ohun èlò ẹṣin ló ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1857. Ó dà bí ẹni pé ẹṣin ò fẹ́ jáde nínú ìtàn yìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ihò wa. Ara Falcon, ọkọ̀ ìnáwó-díẹ̀, ni Ford ti gé Mustang, ẹsẹ̀ Falcon náà ló sì gbé wọ̀ ọ́. Shelby fẹ́ kí tirẹ̀, GT350, díje lábẹ́ ẹgbẹ́ SCCA, àwọn tó ń ṣètò eré ìje ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ náà ní kó kan ọgọ́rùn-ún ọkọ̀. Òfin wọn gbà kí ọkọ̀ ìje yàtọ̀ sí ti ojú títì yálà ní ẹ́ńjìnnì tàbí ní ẹsẹ̀, kì í ṣe méjèèjì. Ta ló fẹ́ ra ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ìje wà lọ síbi iṣẹ́? Nítorí náà ẹsẹ̀ ìje ni Shelby fún gbogbo wọn: ṣọ́ọ̀kì Koni, sìtébílàísà tó nípọn íǹṣì kan, àti ihò tó sọ̀kalẹ̀. Òfin ló sọ ẹsẹ̀ eré ìje di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà.

Klaus Arning, ẹnjiníà Ford, ló ṣírò ihò náà. Bí ọkọ̀ bá fì ní kọ́nà, táyà ìta máa ń fẹ́ bá a tẹ̀, etí rẹ̀ nìkan ló máa kù nílẹ̀. Amù òkè tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ díẹ̀ á máa fa orí táyà náà wọlé bí ó ṣe ń gòkè, àtẹ́lẹ́sẹ̀ rẹ̀ á sì tẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó di 1966, Shelby fi í sílẹ̀ láti dín owó kù. Àmọ́ àṣírí ti tú. Àwọn tó ní Mustang lásán ń fi dírílì gbẹ́ ihò yẹn nílé ara wọn, wọ́n ṣì ń gbẹ́ ẹ.

Ohun tó tẹ̀lé e pọ̀, mi ò ní ka gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ eré ìje Peter Brock fi 240Z gba ife SCCA ní 1970 àti 1971, àwọn tó ní irú rẹ̀ sì ń wá ẹsẹ̀ bíi tiẹ̀. Ọ̀pá tí èèyàn lè fi ọwọ́ yí sípíríǹgì rẹ̀ sókè sódò kúrò ní ti eré ìje, ó di ọjà. Ní 1987 Ayrton Senna, awakọ̀ eré ìje, gba ife Monaco nínú Lotus tí kọ̀ǹpútà ń darí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní 2002 Cadillac gbé ṣọ́ọ̀kì kan jáde tí ìyẹ̀fun irin wà nínú òróró rẹ̀, tí iná mànàmáná ń mú ki.

Láàárín gbogbo èyí, àwọn kan ń gé sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbálẹ̀. Ó rẹwà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n lára ọkọ̀ tó ń lo ọ̀pá MacPherson, tí ara ọkọ̀ bá ti sọ̀ jù, amù ìsàlẹ̀ á kọjú sókè láti ibi tí a dè é mọ́ ara ọkọ̀, kò sì ní lè mú táyà tẹ́ sílẹ̀ mọ́. Ojúkò tí ara ọkọ̀ fi ń fì á já wálẹ̀ ju bí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe sọ̀ lọ, nítorí náà ọkọ̀ tó sún mọ́lẹ̀ á wá máa fẹ́ fì ju ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ra sípíríǹgì tó le sí i láti fi pa á, ọkọ̀ á wá máa ta bí àgùntàn ọjọ́ kìíní. Oògùn rẹ̀ ni irin kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ àárín bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, oríkèé tó wà lórí amù ìsàlẹ̀, àti ìdí ọ̀pá, kí orí amù náà lè wálẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn irin yẹn, tí ẹ bá fi rúlà wọ̀n wọ́n, kò jù nǹkan bí íǹṣì kan lọ.