Àpò Tí Ọ̀bọ Kò Lè Ṣí

Ní ẹnu ọ̀nà Apenheul, ọgbà ọ̀bọ tó wà nílùú Apeldoorn lórílẹ̀-èdè Netherlands, wọ́n máa ń fún àlejò ní àpò kan. Inú rẹ̀ ni kó kó fóònù, kọ́kọ́rọ́, ìpápánu àti ohunkóhun tó bá ń dán sí kó tó wọlé. Wọ́n dìídì rán àpò náà lọ́nà tí ọwọ́ ọ̀bọ kò fi ní tètè tú u. Kò sí irin kankan láàárín àlejò àti àwọn ọ̀bọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní squirrel monkey. Wọ́n á wà lórí igi, wọ́n á kàn já bọ́ sí èèyàn léjìká, wọ́n á na ìka tín-ín-rín sí síìpù báàgì, wọ́n á fà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fà á lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ṣí, ohun tó wà níbẹ̀ ti di tiwọn nìyẹn. Bí kò bá ṣí, wọ́n á bẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Èmi fẹ́ràn àpò yìí ju gbogbo ohun tó kù nínú ìtàn ọgbà náà lọ. Láyé ọjọ́un, ọ̀bọ ni wọ́n máa ń dè kó má bàa dé ara èèyàn. Níbí, ẹrù èèyàn ni wọ́n dè. Kí wọ́n tó ronú débẹ̀, ojú ọ̀bọ ti rí màbo.

Inú ilé irin ni ọgbà ẹranko máa ń kó wọn sí tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ á jẹ́ sìmẹ́ǹtì, ògiri á jẹ́ táìlì, kó lè rọrùn láti fọ̀, torí ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àrùn mìíràn máa ń ti ara èèyàn ran ọ̀bọ. Ìmọ́tótó yẹn dáa, ṣùgbọ́n kí ni ẹranko tí wọ́n bí sórí igi fẹ́ máa ṣe lórí táìlì? Lọ́dún 1907, Carl Hagenbeck ṣí ọgbà ẹranko tirẹ̀ nítòsí Hamburg ní Jámánì, ó yọ irin kúrò, ó sì gbẹ́ yàrà dípò rẹ̀. Ọgbà rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀bọ nìkan, àmọ́ yàrà yẹn ni gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e jogún.

Ọgbà ẹranko ìlú London náà gbìyànjú. Lọ́dún 1925, wọ́n fi àpáta àtọwọ́dá kọ́ òkè kan, Monkey Hill, wọ́n sì da nǹkan bí 100 ọ̀bọ onígọ̀gọ̀ tí wọ́n ń pè ní hamadryas baboon síbẹ̀. Akọ nìkan ni wọ́n fẹ́, torí irun ọrùn akọ ló wuyì lójú àlejò, àmọ́ abo bíi mélòó kan bá wọn wọ̀ ọ́. Ìjà dé. Lọ́dún 1927, wọ́n kó 30 abo wá, wọ́n rò pé ìyẹn á pẹ̀tù sí i. Epo ni wọ́n bù sínú iná. Nínú igbó, akọ kọ̀ọ̀kan irú ọ̀bọ yìí ní àwọn abo tirẹ̀, onílé sì mọ ilé rẹ̀. Lórí òkè yẹn, àjèjì ni gbogbo wọn sí ara wọn. Bí akọ kan bá ti di abo kan mú, òmíràn á fà á gbà, wọ́n á sì máa fà á títí ẹ̀mí á fi bọ́ lára rẹ̀. Solly Zuckerman tó ń kíyè sí wọn kọ ohun tó rí sílẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an tí àwọn èèyàn fi gbà pé bí ọ̀bọ ṣe rí nìyẹn. Irọ́ ni. Bí ẹ bá kó àjèjì 100 sínú yàrà kan ṣoṣo, ẹ óò rí nǹkan.

Ohun tí òkè yẹn kọ́ni ni pé ẹbí ṣáájú àyè. Àwọn tó wá fi ẹ̀kọ́ yìí ṣiṣẹ́ kò tilẹ̀ ti ìdí ọgbà ẹranko wá, ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ onígìtá. Leonard Williams lorúkọ rẹ̀, lọ́dún 1964 ló ṣí ibùdó kan nítòsí Looe ní Cornwall, ní England, fún àwọn ọ̀bọ Gúúsù Amẹ́ríkà onírun kíki tí wọ́n ń pè ní woolly monkey. Irú ọ̀bọ yìí kì í pẹ́ kú bí wọ́n bá há a mọ́. Nígbà tí Williams jẹ́ kí wọ́n máa gbé bí agbo kan, tí wọ́n sì ráyè gun igi, wọ́n bímọ. Lọ́dún 1969, Gilbert de Turckheim tú àwọn ọ̀bọ tí kò nírù láti Mọ̀rókò sínú igbó kan ní Kintzheim, ní Faransé. Òtútù kò bà wọ́n lẹ́rù, torí yìnyín máa ń bọ́ lórí òkè tí wọ́n ti wá. Nígbà tó yá, wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú ìran wọn padà sí igbó Mọ̀rókò.

Ọdún kejì lẹ́yìn ìyẹn ló kan Apenheul. Onífọ́tò ni Wim Mager tó dá a sílẹ̀, ó sì ń sin ọ̀bọ nínú ilé. Ẹni tó bá ti sin ọ̀bọ nínú ilé rí mọ̀ pé ilé ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, kí ọ̀bọ náà tó bàjẹ́. Dípò kí Mager wá ilé irin tó tóbi jù, igbó ló wá. Ó rí àyè ní Berg en Bos, igbó ìgbafẹ́ ìlú Apeldoorn, ó sì ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1971. Lédè Dutch, aap ni ọ̀bọ, heul sì ni ibi ìsádi.

Igi ti wà nílẹ̀, ìyẹn sọ iṣẹ́ di ìdajì, àmọ́ ọ̀bọ kì í dá igi sí. Wọ́n á já ewé, wọ́n á bó èèpo, títí igi á fi kú. Ìdí nìyẹn tí irú ọgbà báyìí fi máa ń wé wáyà iná mọ́ ìdí àwọn igi tí wọ́n bá fẹ́ kó yè. Omi ló ń ṣe iṣẹ́ ògiri, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀bọ kì í fẹ́ ta ẹsẹ̀ sómi. Bí ọ̀gìnnìtìn bá dé, ilé tó ń móoru gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn igbó.

Lọ́dún 1976, gọ̀rílà dé Apenheul, erékùṣù sì ni wọ́n fi wọ́n sí. Gọ̀rílà kò mọ omi wẹ̀. Ní ọgbà ẹranko Bronx ní New York lọ́dún 1951, gọ̀rílà kan tó ń jẹ́ Makoko já sínú yàrà omi, ó sì kú síbẹ̀. Yàrà tó ń dáàbò bo àlejò lè pa ẹranko tó wà lódìkejì. Nítorí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń jẹ́ kí bèbè omi rọra dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá ṣubú lè rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀ padà.

Òfin tún wá ti ìlẹ̀kùn igbó. Láti ọdún 1975 ni àdéhùn àgbáyé CITES ti ń dènà títa ẹranko igbó tó fẹ́ tán nílẹ̀. Ọgbà tó bá fẹ́ ní gọ̀rílà lọ́la gbọ́dọ̀ jẹ́ kí tòní bímọ, kí ìyá rẹ̀ sì tọ́ ọ láàárín agbo. Látọdún 1985 ni àwọn ọgbà ẹranko Yúróòpù ti ń fikùn lukùn nípa ẹ̀yà tó wà nínú ewu: ta ni kó bá ta ni gun, ta ni kó lọ sí ìlú wo.

Àwọn kan sì wá tí kì í ṣe ìbímọ ló jẹ wọ́n lógún. Jim Cronin, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣí Monkey World ní Dorset, ní England, lọ́dún 1987, lórí ilẹ̀ tó ti jẹ́ oko ẹlẹ́dẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ṣìmpáńsì tí àwọn onífọ́tò ń wọ aṣọ fún létíkun Spéènì ló gbà kúrò lọ́wọ́ ìyà. Wọ́n ti pẹ́ lọ́dọ̀ èèyàn débi pé ó ní láti kọ́ wọn bí ṣìmpáńsì ṣe ń bá ṣìmpáńsì gbé.

Lọ́dún 1998, wọ́n ṣí La Vallée des Singes, Àfonífojì Ọ̀bọ, ní Romagne ní Faransé. Mager wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Igbó ló tún wá lọ, omi náà ló tún fi pààlà, ọ̀bọ kéékèèké tún wà láàárín àlejò. Oúnjẹ nìkan ni àlejò kò gbọdọ̀ mú jáde lójú wọn.