Kí Ló Ń Mú Kí Òfìfo Ike Omi Súnkì Nínú Fíríìjì?

Gààrí Ìjẹ̀bú àti omi tútù kì í ya ara wọn. Ní ọ̀sán gangan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹnì kan mu gààrí tán, omi inú ike lítà kan ààbọ̀ tán pẹ̀lú. Òfìfo ike jókòó sórí tábìlì títí ó fi lọ́wọ́ọ́rọ́, wọ́n wá dé ọmọrí rẹ̀ pinpin, wọ́n dá a padà sínú fíríìjì (ìyẹn bí iná bá wà). Kò pẹ́, ẹ̀gbẹ́ ike ti rọ́ wọlé, bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ fún un.

Òfìfo là ń pè é, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Hóró afẹ́fẹ́ kì í dúró sójú kan: wọ́n ń sáré, wọ́n ń kọlu ike láti inú, afẹ́fẹ́ ìta náà ń kọlù ú láti òde. Bí òtútù bá mú ti inú, eré wọn á dẹ̀. Ti ìta á borí, á ti ẹ̀gbẹ́ ike wọlé títí tinú-tòde á fi dọ́gba. Nítorí pé ike rọ̀, agbára tó ń ti afẹ́fẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Àyè tó gbà ló dín kù.

Báwo ló ṣe dín kù tó? Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní bí ooru bá kúrò ní 30 dé 60 lórí ìwọ̀n Celsius, àyè náà á di ìlọ́po méjì. Rárá o! Òdo Celsius kì í ṣe ibi tí ooru tán sí. Ibi tí omi ti ń di yìnyín lásán ni. Òdo tòótọ́ fi nǹkan bí 273 wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni ìwọ̀n Kelvin ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi 273 kún un kí ẹ tó ṣírò: 30 di 303, 60 di 333. Ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló fi pọ̀ sí i.

Ká ní afẹ́fẹ́ inú ike wà ní 32, fíríìjì wà ní 5. 305 di 278 nìyẹn. Ìwọ̀n kan náà ni àyè afẹ́fẹ́ fi ń dín kù: mìlílítà 1,500 á di bíi 1,367.

Jacques Charles, ará Faransé tó fi bàlúùnù gòkè lọ́dún 1783, ló ṣàkíyèsí èyí ní nǹkan bí ọdún 1787. Kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Gay-Lussac, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé mìíràn, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1802, tó sì dárúkọ Charles.

Ẹ gbé ike náà padà sínú oòrùn láìṣí i. Láìpẹ́ ẹ ó gbọ́ “pọ́ọ̀”: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti yọ padà síta.