Kí ló ń mú kí àgbáálá ayé máa yára fẹ̀?

Ní 1998, ikọ̀ méjì ti àwọn onímọ̀ wo àwọn ìràwọ̀ tó bú gbàmù lọ́nà jíjìn, wọ́n rí i pé ìmọ́lẹ̀ wọn kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ti jìnnà ju ìṣirò lọ. Fífẹ̀ ayé ń yára sí i.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní nǹkan kan ló ń ti àwọn ìràwọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bíni nínú. Kò sí ohun tó ń tì wọ́n.

Ẹ wo ọbẹ̀ olóúnjẹ kan ní Lágere. Èrò pọ̀, ó bomi sí i. Ẹran ò dín nínú ìkòkò, àmọ́ ìgbakọ ò rí i bù mọ́. Bí ìràwọ̀ àti eruku ṣe ń fọ́nká nìyẹn bí òfìfo tó wà láàárín wọn ṣe ń fẹ̀. Ká wá ní omi yẹn fúnra rẹ̀ ló ta: bó ti wù kó bomi tó, ata inú ìgbakọ kọ̀ọ̀kan ò ní yẹ̀. (Olóúnjẹ tó bá rí irú omi yìí ti bọ́ lọ́wọ́ aláta.) Ata yìí ni wọ́n ń pè ní dark energy, agbára tí a ò tíì mọ ohun tó jẹ́. Nígbà tí ẹran ṣì pọ̀, òòfà rẹ̀, irú èyí tó ń mú nǹkan já bọ́ sílẹ̀, ń fa ọwọ́ fífẹ̀ sẹ́yìn. Ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 5 sẹ́yìn, ata gba ọbẹ̀.

Ibi tó dùn jù rèé. Nínú ìṣirò Einstein, kì í ṣe ìwúwo nìkan ló ń bí òòfà. Agbára tí nǹkan fi ń ti ògiri tó yí i ká wà níbẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta. Ohun tí kì í dín bó ṣe ń fẹ̀ kì í ti ògiri, ńṣe ló ń fà á. Ẹ jẹ́ kí ìwúwo jẹ́ 1, kí ìfà yẹn jẹ́ 3, ẹ wá yọ 3 kúrò nínú 1: òòfà yí padà, ó di ìtanù. Ohun tó ń fà ló ń mú ayé yára fẹ̀!

Àlàyé tó rọrùn jù ni pé òfìfo ò ṣófo, agbára wà nínú rẹ̀. Einstein ti fi nọ́ńbà kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìṣirò rẹ̀ ní 1917, kó tó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi ìmọ̀ kúáńtọ́ọ̀mù, ìmọ̀ nípa àwọn nǹkan tó kéré jù lọ, ṣírò agbára òfìfo, ó máa ń ju èyí tí wọ́n rí lọ ní ìlọ́po tí òdo rẹ̀ tó 120. Àlàyé tó ṣìṣirò tó báyìí kò yẹ ní ohun tí à ń fi yangàn.

Àwọn mìíràn ní òòfà fúnra rẹ̀ ló yàtọ̀ lọ́nà jíjìn. Ní 2017, wọ́n rí ìràwọ̀ méjì tó ti kọlura. Ìgbì òòfà wọn àti ìmọ́lẹ̀ wọn rin nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 130, wọ́n sì dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì síra wọn. Ọ̀pọ̀ àbá náà, tó ní ìgbì òòfà àti ìmọ́lẹ̀ ò ní yára bákan náà, kú síbẹ̀.

Ó ku àwọn tó ní ata náà ń yí padà. Ìwọ̀n tí ẹ̀rọ DESI, tó ń wọn bí ayé ṣe ń fẹ̀, ní Arizona ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2024 àti 2025 fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó máa dín. Ẹ̀rí náà ò tíì nípọn tó, àmọ́ tó bá dúró, nọ́ńbà Einstein tún máa kúrò nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀kejì.