Bí áíkọ̀n ṣe ń bọ́ sára fáìlì lórí Linux, àti bí a ṣe lè fi iṣẹ́ náà lé ètò kékeré kan lọ́wọ́

Fáìlì tó wà lórí Linux kì í gbé áíkọ̀n kankan sínú. Àwòrán kékeré tí ojú ń rí lára rẹ̀, ètò tó ṣí fódà ló lọ wá a, ìbáà ṣe Nautilus, Nemo tàbí Thunar, yóò sì tún un wá nígbà mìíràn tí a bá ṣí fódà náà. Ìbéèrè méjì ló ń yanjú: irú fáìlì wo lèyí, àwòrán wo sì ni theme (àkójọ àwòrán áíkọ̀n) tí a ń lò ní fún irú bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ kí áíkọ̀n máa bọ́ sára fáìlì láìfọwọ́ yàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà méjì ló wà fún un: kó kọ́ kọ̀ǹpútà ní irú fáìlì tuntun, tàbí kó ní ètò kan tí yóò máa lẹ áíkọ̀n mọ́ fáìlì bó ṣe ń wọlé. Níbi tí ọ̀nà àkọ́kọ́ bá ti ṣeé gbà, òun ni kí a gbà, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré la ó ṣe é. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sáré lọ síbi èkejì láìnídìí.

Irú ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń wá. Àkójọ irú fáìlì, tí a ń fi orúkọ MIME pè, wà ní /usr/share/mime. Èyí tó jẹ́ ti ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà nìkan wà ní ~/.local/share/mime. Nínú fáìlì globs2 tó wà níbẹ̀, ìlà kan kà báyìí:

50:application/pdf:*.pdf

Ìyẹn ni pé fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí .pdf, application/pdf ni. 50 tó wà níwájú ni agbára òfin náà: bí òfin méjì bá ń du fáìlì kan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ló ń borí. Bí orúkọ kò bá ní ìrù, tàbí tí ìrù náà kò yanjú ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà á ṣí fáìlì náà, á wo báìtì (nọ́ńbà kéékèèké tí a fi kọ fáìlì) tó fi bẹ̀rẹ̀. PDF ń fi %PDF- bẹ̀rẹ̀. Ti PNG, báìtì mẹ́jọ ni: 89 50 4E 47 0D 0A 1A 0A. Bí kò bá rí èyí tó mọ̀, á yẹ báìtì 128 àkọ́kọ́ wò, bóyá ohun tí kì í sí nínú ọ̀rọ̀ lásán wà láàárín wọn. Bí kò bá sí, text/plain ni yóò pè é. Bí ó bá wà, application/octet-stream, orúkọ tí a ń fún ohun tí a kò dá mọ̀.

Níbí ni docx, fáìlì ìwé Word, ti máa ń da ojú rú. Zip, àpò fáìlì tí a fún pọ̀, ni docx lábẹ́ aṣọ, PK ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan bá gé ìrù .docx kúrò lára orúkọ rẹ̀, ó lè wọ áíkọ̀n zip. Kò sí ohun tó ṣe àkóónú fáìlì, orúkọ ló sọnù. Àṣẹ yìí ń fi irú tí kọ̀ǹpútà mú hàn, òun ló sì yẹ ká kọ́kọ́ lò kí a tó dá áíkọ̀n lẹ́bi:

xdg-mime query filetype orukofaili

Tí irú bá ti dájú, orúkọ áíkọ̀n kò le mọ́. A ó fi - rọ́pò /, application/pdf á di application-pdf. Orúkọ kejì tún ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, èyí tó gbòòrò, bóyá èkínní kò ní sí: text-x-generic fún ohun tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, x-office-document fún ìwé ọ́fíìsì.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù kan tó ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, tí orúkọ gbogbo wọn ń parí sí .gbese. Áíkọ̀n ìwé funfun kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Kí wọ́n tó lè ní tiwọn, a ó kọ fáìlì soobu-gbese.xml:

<?xml version="1.0" encoding="UTF-8"?>
<mime-info xmlns="http://www.freedesktop.org/standards/shared-mime-info">
  <mime-type type="text/x-gbese">
    <comment>Ìwé gbèsè</comment>
    <glob pattern="*.gbese"/>
  </mime-type>
</mime-info>

Lẹ́yìn náà, àṣẹ méjì:

xdg-mime install soobu-gbese.xml
xdg-icon-resource install --context mimetypes --size 48 gbese.png text-x-gbese

Ìwé gbèsè tó wà láàárín comment, òun ni fódà yóò máa kọ síbi tó ti ń sọ irú fáìlì, àmì ohùn rẹ̀ á sì pé. Soobu- tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ XML náà kò ṣeé yọ: xdg-mime ń béèrè pé kí orúkọ ẹni tó ni fáìlì ṣáájú, kí dáàṣì tẹ̀ lé e.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rètí nù nìyí. Àṣẹ méjèèjì ṣiṣẹ́, xdg-mime query filetype dáhùn pé text/x-gbese, síbẹ̀ áíkọ̀n ìwé funfun ni fódà ṣì ń fi hàn. Ìdí rẹ̀ ni pé àṣẹ kejì gbé àwòrán náà sínú hicolor, theme tí gbogbo theme yòókù ń padà sí nígbà tí wọn kò bá rí nǹkan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ kan ni GTK, àkójọ kóòdù tí àwọn ètò fódà yìí fi ń ya ojú wọn, ń wá káàkiri kó tó wá èkejì. Theme kan ló ń mú, á wá gbogbo orúkọ áíkọ̀n tó ní lọ́wọ́ tán níbẹ̀, kó tó bọ́ sí theme tó kàn. Kí ó tó dé hicolor tí text-x-gbese wà, ó ti bá text-x-generic pàdé nínú theme tí a ń lò, ó sì ti mú un. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a gbé àwòrán náà sínú theme tí a ń lò gan-an. Àṣẹ àkọ́kọ́ yìí ń sọ orúkọ rẹ̀, èkejì ń gbé e síbẹ̀, bí a bá ní Yaru ni:

gsettings get org.gnome.desktop.interface icon-theme
xdg-icon-resource install --theme Yaru --context mimetypes --size 48 gbese.png text-x-gbese

Fódà 48x48/mimetypes gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí fáìlì index.theme ti theme náà dárúkọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò wo inú rẹ̀. Àwòrán 48 nìkan yóò máa rí bàìbàì bí a bá mú áíkọ̀n tóbi, nítorí náà ó dára kí a ṣe 256 náà. Ní ti fọ́tò àti PDF, fódà sábà máa ń ya àwòrán inú wọn síta dípò áíkọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá áíkọ̀n irú MIME lára wọn.

Ọ̀nà kejì wà fún ohun tí irú kò lè sọ. Rìsíìtì bánkì àti ìwé ilé ìwé, PDF ni méjèèjì. Kò sí báìtì tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀, orúkọ tí a fún wọn nìkan ló lè ṣe é. Fún irú èyí, gio, àṣẹ kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí fáìlì láti Terminal, lè lẹ áíkọ̀n mọ́ fáìlì kan, inotifywait, tó wà nínú inotify-tools, á sì máa ṣọ́ fódà:

inotifywait -m -e close_write -e moved_to --format '%f' ~/Downloads |
while IFS= read -r f; do
  case "$f" in
    rìsíìtì-*) gio set "$HOME/Downloads/$f" metadata::custom-icon "file://$HOME/.aikon/risiiti.png" ;;
  esac
done

A kò lo create, ọ̀kan lára àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí inotifywait lè ṣọ́, nítorí ìgbà tí fáìlì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú ni create ń pariwo, nígbà tí kò tíì sí nǹkan nínú rẹ̀. Close_write ń dúró dìgbà tí ẹni tó ń kọ ọ́ bá pa á dé. Moved_to pọn dandan, nítorí Firefox ń fi .part kó ohun tó ń wà sílẹ̀, Chrome ń fi .crdownload, wọ́n á wá yí orúkọ rẹ̀ padà bó bá parí. Àdírẹ́sì àwòrán tó wà lẹ́yìn custom-icon, URI ni, àlàfo inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ di %20. Kí a fún fódà áíkọ̀n ní orúkọ tí kò ní àlàfo, wàhálà ti parí.

Inú fáìlì kọ́ ni gio ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, inú ~/.local/share/gvfs-metadata ni, lábẹ́ àdírẹ́sì fáìlì náà. Bí a bá fi mv gbé fáìlì lọ síbòmíràn nínú Terminal, áíkọ̀n á dúró sẹ́yìn. Gio move ni kí a lò. Bí a bá kó o sórí fláàṣì lọ bá kọ̀ǹpútà mìíràn, kò ní bá a lọ. Láti yọ áíkọ̀n kúrò: gio set -t unset, orúkọ fáìlì, metadata::custom-icon.

Bí fódà kò bá yí áíkọ̀n padà lójú ẹsẹ̀, F5 ni kí a tẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi touch, àṣẹ tó ń yí àkókò fáìlì padà, sínú ètò náà láti ta fódà jí: touch ń ṣí fáìlì fún kíkọ, ó ń pa á dé, close_write á tún dún, touch á tún ṣiṣẹ́, wọn kò sì ní dáwọ́ dúró. Bákan náà ni cron, tó ń mú ètò ṣiṣẹ́ ní àkókò tí a yàn, kò bá iṣẹ́ yìí mu. Gio nílò D-Bus (ọ̀nà tí àwọn ètò fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) ti ẹni tó wọlé sórí kọ̀ǹpútà, cron kò sì ní in, nítorí náà ni yóò ṣe máa dá a lóhùn pé «Setting attribute metadata::custom-icon not supported». Inú ~/.config/autostart ni kí a fi fáìlì .desktop tó ń pe ètò náà sí, kó máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó wọlé.

Èyí tó kù kan àwa tí a ń fi àmì ohùn sórúkọ fáìlì. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà kọ ì: gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, báìtì C3 AC, tàbí i tí àmì tẹ̀ lé, 69 CC 80. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n báìtì ni Linux ń kà, orúkọ méjì ni wọ́n lójú rẹ̀. Fáìlì rìsíìtì tó wá láti orí dísíkì HFS+ ti Mac, ọ̀nà kejì ni wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀, case inú ètò wa kò sì ní dá a mọ̀. Kí a tó dé case, uconv, tó wà nínú icu-devtools lórí Ubuntu, ni kí ó tún orúkọ náà tò:

n=$(printf '%s' "$f" | uconv -x any-nfc)

Case á wá wo "$n". Gio ní tirẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ gba "$f" bó ṣe wà, nítorí báìtì tó wà lórí dísíkì nìyẹn, kò sì sí fáìlì kankan níbẹ̀ tó ń jẹ́ "$n".