Gbogbo Ẹni Tó Ń Tọ́jú Ọpọlọ Kọ́ Ló Ń Kọ Oògùn

Ó ti wá pọ̀ jù, kí èèyàn máa gbọ́ ọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, dókítà wèrè ni, pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, abẹ́rẹ́ tí aláìsàn á fi sùn ni wọ́n ń gún kiri. Ẹni tó bá ti jókòó sílé ìwòsàn Aro l'Abẹ́òkúta rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ tó ní wárápá wà níbẹ̀, ìyá àgbà tó ti ń gbàgbé orúkọ ọmọ ara rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní 1954 ni Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí Aro ká, tí ẹbí wọn ń bá wọn gbébẹ̀, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ oko. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nìkan.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín dókítà ọpọlọ (psychiatrist) àti psychologist, ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn, ló ń dá àwọn èèyàn láàmú jù. Dókítà ọpọlọ á kọ́kọ́ fi ọdún mẹ́fà kọ́ ìṣègùn ní yunifásítì bíi gbogbo dókítà, á ṣe háúsì jọ́ọ̀bù ọdún kan, á sin ìjọba, kó tó wá fi bí ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti tún ń pínyà: ẹni tó ń tọ́jú ọmọdé, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó, ẹni tó dojú kọ oògùn olóró, ẹni tó ń bá ilé ẹjọ́ ṣiṣẹ́. Psychologist ò gba ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọjá. Ó kàwé gba dìgírì nínú ìmọ̀ ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ó tún ṣe másítà, ó sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà iṣẹ́ nílé ìwòsàn. Kì í kọ oògùn.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ìyẹn, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń bínú kúrò. Wọ́n á sanwó, wọ́n á jókòó fún bíi wákàtí kan, wọ́n á jáde lọ́wọ́ òfo, wọ́n á ní, "Ó kàn ń bá mi sọ̀rọ̀ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ìtọ́jú, ó sì ní ètò. Psychologist lè kọ́kọ́ gbé ìwé oníbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, tí wọ́n fi ń wádìí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, síwájú yín: láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, báwo ni oorun? Oúnjẹ ń kọ́? Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ràn ṣì ń wù yín ṣe? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba 0 sí 3, àpapọ̀ ò lè ju 27 lọ. Tó bá ti pé 10, ó tó nǹkan tí wọ́n ń tẹjú mọ́. Ìbéèrè kẹsàn-án ló ń wádìí bóyá ikú ń wù yín. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í fò ó, bí àpapọ̀ yòókù tiẹ̀ kéré. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ àmúrelé: ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, èrò tó sọ sí yín lọ́kàn, bí ẹ ṣe gbà á gbọ́ tó láti 0 dé 100, àti ẹ̀rí tó ta ko èrò náà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún bí ìgbà mẹ́jọ sí ogún. Ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀kan péré tó ní kò ṣiṣẹ́, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Dókítà náà ní tiẹ̀ tí psychologist ò lè bá a ṣe. Kí àyà máa já, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí èèyàn máa rù, ó lè jẹ́ ìdààmú ọkàn, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid ló ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára, àmọ́ tó bá jẹ́ bipolar, àìsàn tí inú èèyàn máa ń ga sókè jù nígbà kan tó sì máa ń rẹ̀wẹ̀sì nígbà míì, ló ń ṣe aláìsàn, tí wọ́n fún un ní òun nìkan, ó lè sọ ọ́ dẹni tí kò sùn mọ́, tó ń ná owó ní ìnákúnàá. Ẹ má rà á ní kẹ́míìsì lórí ọ̀rọ̀ aládùúgbò.

Nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ọpọlọ ló ń wà pẹ̀lú aláìsàn jù. Òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i pé oògùn ti ń lọ́ ọrùn aláìsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Social worker, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé àti ẹbí aláìsàn, ló ń wádìí ta ni yóò máa ra oògùn nílé. Àwọn òṣìṣẹ́ míì ń tún aláìsàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáná, bí wọ́n ṣe ń ṣọ́wó ná.

N ò sọ pé gbogbo ìlú ló ní gbogbo wọn. Níbi púpọ̀, nọ́ọ̀sì kan àti dókítà kan ló ń fà á. Tí ẹ ò bá mọ ẹni tó kàn, ó ṣeé ṣe kí dókítà jẹ́nẹ́rà ni ibi tó dáa jù láti bẹ̀rẹ̀, òun ló máa kọ̀wé darí yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó kàn pe ara rẹ̀ ní therapist lórí Instagram. Ẹ bi í pé ilé ẹ̀kọ́ wo ló lọ, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́. Tí ẹni tí kì í ṣe dókítà bá ní kẹ́ ẹ dá oògùn yín dúró, ẹ má dá a dúró kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó kọ ọ́. Tí ìdáhùn yín sí ìbéèrè kẹsàn-án yẹn bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lálẹ́ òní, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ mú ẹnì kan dání, kẹ́ ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù.