Ìwádìí lórí bí àwọn àjọ ṣe ń gba sọ́fítíwíà open source wọlé

Ìwádìí lórí bí àwọn àjọ ṣe ń gba sọ́fítíwíà open source wọlé jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ẹ̀kọ́ ètò ìròyìn àti kọ̀ǹpútà. Ó ń wo ohun tó ń mú kí iléeṣẹ́, ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ìjọba ìlú yan sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìtọ́ni tí wọ́n fi kọ ọ́, wà ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni lè lò, tí ó lè tún ṣe, tí ó sì lè pín fún ẹlòmíràn, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yàn án. Ọdún 1998 ni orúkọ náà, open source, jáde. Àwọn tó ń kọ kóòdù náà lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ fojú sí. Ẹ̀yìn ọdún 2000 ni wọ́n tó yíjú sí àwọn àjọ tó ń lò ó.

Ìpilẹ̀ ìmọ̀ náà

Àbá tó ti wà nílẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn olùwádìí yá lò, pàápàá èyí tí Everett Rogers gbé jáde ní 1962 nípa bí ohun tuntun ṣe ń tàn kálẹ̀ láàrin àwùjọ. Jason Dedrick àti Joel West, tí wọ́n wádìí ìdí tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń gbé Linux, ètò open source tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, lo ìlànà Tornatzky àti Fleischer (1990), tó ní kí a wo ẹ̀rọ náà, àjọ náà, àti àyíká tí àjọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n rí ní 2003 ni pé owó pọ́ọ́kú ń fa ojú mọ́ra lóòótọ́, àmọ́ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà kó ipa tó lágbára: ibi tí wọ́n ti ń lo Unix, ètò àtijọ́ tí Linux fara jọ, ni Linux ti rọrùn láti wọlé.

Ní 2010, Øyvind Hauge, Claudia Ayala àti Reidar Conradi yẹ àpilẹ̀kọ 24,289 wò, 112 péré ni wọ́n sì rí tó mú ẹ̀rí wá láti inú àwọn àjọ gan-an. Ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n pín ìgbàwọlé sí, láti orí àjọ tó kàn ń lo sọ́fítíwíà náà bó ṣe wà, títí dé orí èyí tó ń fi í kún ọjà tirẹ̀ tàbí tó ń tú kóòdù tirẹ̀ síta.

Láti ìpinnu dé ìlò

Ibi tí ẹ̀ka yìí ti jinlẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ àlàfo tó wà láàrin ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá fọwọ́ sí ìpinnu àti ìgbà tí sọ́fítíwíà náà di ara iṣẹ́ òòjọ́. Robert Fichman àti Chris Kemerer ṣàlàyé àlàfo yìí ní 1999, kì í ṣe nípa open source nìkan. Ní 2001, Michael Gallivan ya ìpinnu àwọn aláṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbàwọlé kejì, èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn.

Brian Fitzgerald gbé èrò Gallivan lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ireland, tó fi orúkọ àfarapamọ́ Hibernia pè nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 2009. Ilé ìwòsàn kan náà, lábẹ́ àwọn aláṣẹ kan náà, gba StarOffice fún ìwé títẹ̀, ó sì gba ètò ímeèlì open source. Ímeèlì náà fìdí múlẹ̀. StarOffice kò fìdí múlẹ̀, wọ́n sì pa á tì. Lára ohun tó hàn nínú irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn kò bá lo Microsoft Office mọ́, ìmọ̀ tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń béèrè yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sí ìṣirò iye owó ìwé àṣẹ láti lo sọ́fítíwíà tó lè fi irú ìbẹ̀rù yìí hàn. Àǹfààní ìwádìí yìí, tó fi ṣọ̀wọ́n, ni pé ó fi àṣeyọrí àti ìkùnà wé ara wọn lábẹ́ òrùlé kan.

Munich

Ìlú Munich ní Jámánì ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí jù. Ní oṣù karùn-ún 2003, ìgbìmọ̀ ìlú dìbò láti kúrò lórí Windows NT 4.0 bọ́ sórí Linux, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Steve Ballmer, tó jẹ́ ọ̀gá Microsoft nígbà náà, ti wá bá mẹ́yọ̀ Christian Ude sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Òmìnira lọ́wọ́ olùtajà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣíwájú, kì í ṣe owó nìkan. Iṣẹ́ náà, LiMux, pẹ́: ẹ̀ka ìjọba kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tó ń gbà tọ́jú kọ̀ǹpútà rẹ̀, àwòṣe lẹ́tà àti fọ́ọ̀mù wọn sì pọ̀ débi pé ìlú náà kọ ètò tirẹ̀, WollMux, láti máa bójú tó wọn, tó sì tú kóòdù rẹ̀ síta ní 2008. Nígbà tí iṣẹ́ parí ní òpin 2013, kọ̀ǹpútà tó lé ní 14,000 ti wà lórí Linux.

Ní oṣù kọkànlá 2017, ìgbìmọ̀ dìbò láti padà sí Windows. Àwọn kan ka èyí sí ẹ̀rí pé Linux kùnà lórí kọ̀ǹpútà tí òṣìṣẹ́ ń lò lórí tábìlì. Ó dà bí ẹni pé ìtumọ̀ yẹn yára jù, nítorí ìyípadà olórí ìlú ní 2014 àti bí ètò kọ̀ǹpútà ìlú náà ṣe fọ́n káàkiri ẹ̀ka wà lára ohun tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò.

Nàìjíríà

Ní Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ ilé ìkàwé ló kọ púpọ̀ nínú ohun tó wà nílẹ̀, pàápàá nípa Koha, ètò ilé ìkàwé tí wọ́n ṣe ní New Zealand, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà sì ti gbà. Iná mànàmáná tí kò dúró, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já, àti àìtó ẹ̀kọ́ fún òṣìṣẹ́ ni àwọn ìṣòro tí wọ́n máa ń mẹ́nu bà. Nípa ìwé ìbéèrè tí wọ́n pín fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ni wọ́n sì ti sábà máa ń kó ẹ̀rí wọn jọ.