Kí ló ń ta wá lọ́wọ́ nígbà ọyẹ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ohùn kan ti ń ti orí fóònù bọ́ sórí fóònù ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní àwọn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà láàárín ilé ló ń tú iná sínú afẹ́fẹ́, pé òun ló fà á tí nǹkan fi ń ta èèyàn lọ́wọ́ pá bí wọ́n bá di ilẹ̀kùn ọkọ̀ tàbí géètì mú. Ọ̀rọ̀ náà ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn láyà sókè. Àwọn ìbéèrè tí ẹ bi mí rèé, pẹ̀lú ìdáhùn wọn.

Ṣé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fà á lóòótọ́?

Rárá o. Kí òpó kankan tó wọ Nàìjíríà ni ọyẹ́ ti ń ta èèyàn lọ́wọ́.

Kí ló wá ń ta wá?

Iná mànàmáná ni, àmọ́ kì í ṣe èyí tó ń gba inú wáyà. Ara wa, aṣọ, àga, irin, gbogbo wọn ni ẹyọ wíwẹ́ tí ojú kò lè rí para pọ̀ dá. Lára ẹyọ wọ̀nyí ni àwọn ohun tó tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ wà, tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nǹkan mìíràn máa ń di tirẹ̀ mú gírígírí, òmíràn kì í lè dì í mú tó bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan méjì bá fara kanra, tí wọ́n tún pínyà, díẹ̀ nínú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ọ̀kan á bá èkejì lọ. Ọ̀kan ti ní àníkún nìyẹn, èkejì ti ní àìtó.

Ibi tí mo fẹ́ kó yé yín dáadáa rèé: fífi nǹkan ra nǹkan kò dá iná tuntun kankan. Ohun tó wà níbì kan ló ṣí lọ síbòmíràn. Iye tí ọ̀kan pàdánù gan-an ni èkejì jèrè, kò lé, kò dín.

Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà, ló fi àmì ìròpọ̀ àti àmì ìyọkúrò sàmì sí irú iná méjèèjì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nígbà tí wọ́n wá mọ̀ ọ́n, èyí tó ní àníkún ló bọ́ sábẹ́ àmì ìyọkúrò. Bí ọmọ yín bá ń béèrè ìdí rẹ̀ nílé, òun kọ́ ni kò gbọ́n.

Ṣé a lè fojú rí i?

Ẹ mú òòyà ike, ẹ fi ya irun tó gbẹ, tí kò ní òróró, bí ìgbà mẹ́wàá. Ẹ ya bébà sí wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọdé, kí ẹ gbé òòyà náà súnmọ́ ọn. Bébà á fò sókè, á lẹ̀ mọ́ eyín òòyà. Ẹ má tíì gbé ojú kúrò: láìpẹ́, díẹ̀ nínú wọn á ta dànù bí ẹni pé wọ́n tì í. Ìyẹn ti gba nínú àníkún òòyà, àwọn méjèèjì ti di irú kan náà, irú kan náà sì máa ń lé ara wọn.

Àwọn ìyá wa tó ń ta láfún mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí wọ́n bá da láfún sínú ọ̀rá nígbà ọyẹ́, ìyẹ̀fun á lẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ inú ọ̀rá títí dé ẹnu. Ẹ fi ìka ta ọ̀rá náà láti ìta: díẹ̀ á já bọ́, ìyókù á tún padà lọ lẹ̀. Bí ìyẹ̀fun ṣe ń ra ọ̀rá lára kọjá ni wọ́n ti pààrọ̀ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù.

Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ló máa ń pọ̀?

Omi ni ìdáhùn. Nígbà òjò, ọ̀rinrin fẹ́lẹ́ kan tí a kò rí máa ń bo ara gbogbo nǹkan. Ibẹ̀ ni iná náà ń gbà yọ́ lọ kó tó pọ̀ débi tí yóò ta wá. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń gbẹ ọ̀rinrin yẹn dànù. Tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ni nǹkan ń fara kanra; ọ̀nà àbájáde iná ló ń dí nígbà ọyẹ́.

Ta ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀?

Thales ará Gíríìsì ni ìtàn dárúkọ, ní nǹkan bí ọdún 600 ṣáájú ìbí Jésù. Oje igi tó ti di òkúta ni wọ́n ń fi aṣọ nù, tó sì ń fa ìyẹ́ mọ́ra. Elektron ni wọ́n ń pe oje náà, ibẹ̀ sì ni orúkọ iná ẹlẹ́kítíríìkì ti wá.

Báwo ló ṣe ń kúrò lára wa?

Bí ẹ bá wọ bàtà rọ́bà, tí ẹ dìde lórí àga ọkọ̀, iná tó wà lára yín kò rí ọ̀nà wọlẹ̀. Ẹ wá nawọ́ sí irin. Kí ìka tó kàn án, iná ti fò kọjá nínú afẹ́fẹ́. Kó tó lè fo ìwọ̀n mìlímítà 1, ó ní láti tó nǹkan bí 3,000 fólìtì.

3,000 fólìtì! Iná ilé wa tí kò ju 240 lọ sì ń pànìyàn!

Ẹ fọkàn bá mi lọ síbi àpáta Olúmọ. Bí ẹ̀kán omi kan bá já láti orí Olúmọ bọ́ sí yín lórí, ibi gíga ló ti wá, àmọ́ ẹ̀kán kan náà ni. Ẹ wá wo odò Ògùn nígbà tó bá kún: kò ga, síbẹ̀ ó ń gbé èèyàn lọ. Fólìtì ni gíga yẹn. Iye omi tó ń ṣàn ló ń pani. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń gba inú gílóòbù 60 wáàtì kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá 1 ju èyí tó ń fò lórí ìka wa lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200,000, tìka wa sì ti parí kí a tó ṣẹ́jú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má torí pé ọyẹ́ ta á tí kò kú, kó wá fọwọ́ kan wáyà tó ṣí sílẹ̀.

Aṣọ wo ló dára?

Òwú. Ó máa ń mu ọ̀rinrin, iná kì í pẹ́ lára rẹ̀. Àdìrẹ olówùú tí ẹ rà ní Ìtòkú sàn ju pọ́lísítà lọ dáadáa.

Báwo la ṣe lè ṣe é tí kò fi ní ta wá?

Ẹ di irin ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú kí ẹ tó dìde lórí àga, ẹ má sì jù ú sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ yín á fi kanlẹ̀. Tàbí kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kan irin náà ná. Orí kọ́kọ́rọ́ ni iná á fò sí, kò ní ta ìka yín.

Ṣé ó lè ba fóònù jẹ́?

Bí wọ́n bá tú u. Iná tí ìka wa kò lè mọ̀ lára rárá tó láti ba èròjà inú rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ àtúnṣe fi ń so okùn tó kanlẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́.

Ṣé mànàmáná ojú ọ̀run náà jẹ́ irú rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Yìnyín kéékèèké ló ń kọlu ara wọn nínú ìkùukùu. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ẹ tètè sọ̀kalẹ̀ lórí Olúmọ, ẹ má sì sá sábẹ́ igi. Ẹ wọ ilé tàbí inú ọkọ̀ tó ní òrùlé irin.

Ilé epo ńkọ́?

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Iná tó ń jáde lára èèyàn nígbà ọyẹ́ lè ju èyí tí oru epo bẹntiróòlù nílò láti gbiná lọ ní ìlọ́po 10. Mo rí ọmọkùnrin kan tó ń fi àkísà gbígbẹ nu kẹ́ẹ̀gì ike rẹ̀ kó tó gbé e síwájú ẹni tó ń ta epo. Ó fẹ́ kó mọ́ ni, àmọ́ ohun tí òòyà ń fi irun ṣe gẹ́lẹ́ ló ń fi àkísà ṣe sí kẹ́ẹ̀gì yẹn.

Ẹ má ṣe nu kẹ́ẹ̀gì níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rọ epo sí i nínú búùtù ọkọ̀ tàbí lórí ọ̀kadà. Ẹ gbé e kalẹ̀, kí irin ẹnu ẹ̀rọ kan ẹnu kẹ́ẹ̀gì títí yóò fi kún. Ẹ fọwọ́ kan irin tó jìnnà sí ẹnu táǹkì kí ẹ tó ṣí i. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ epo, ẹ má padà wọnú ọkọ̀ lọ jókòó, torí ìgbà tí ẹ bá tún dìde lẹ ó gba iná mìíràn sára. Ẹ wo ọkọ̀ agbépo tó wá já epo: wáyà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi so ó mọ́lẹ̀, kí iná ara rẹ̀ lè wọlẹ̀.

Bí iná bá ti wá sọ lẹ́nu táǹkì ńkọ́?

Ẹ má fa ẹnu ẹ̀rọ náà yọ. Bí ẹ bá fà á, epo á tú dànù, iná á tẹ̀ lé e. Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ sá sẹ́yìn, kí ẹ pariwo sí ẹni tó ń ta epo pé kó pa ẹ̀rọ.